Ipa Ọkọ Nínú Ètò Ọmọ Bíbí, Láti Ayé Àwọn Baba Wa Títí Di Òní

 Ó ti di àṣà nínú irú ìwé ọdọọdún báyìí pé kí a máa ka ìtàn bí àwọn Àwórì ṣe tẹ̀lé àwo tí ń léfòó lórí omi lẹ́yìn Ògúnfúnmínírè títí àwo náà fi rì, kí a sì máa ka ìtàn ọ̀nà, ti ọjà àti ti oyè. Ìtàn dáradára ni ìwọ̀nyí, èmi náà a sì máa gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nínú yàrá olúkúlùkù wa tí a kì í kọ sílẹ̀ nítorí pé ojú ń tì wá. Ìtàn náà ni ti èrò ọkàn àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa nípa iye ọmọ tí ó yẹ ní bíbí, nípa àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàrin ọmọ kan àti èkejì, àti nípa ẹni tí yóò ru ẹrù ìṣọ́ra nínú tọkọtaya. Òun ni mo mú kọ lọ́dún yìí. Bí ẹnì kan bá sì wà nínú wa tí ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni èyí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kà á tán kí ó tó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé òyìnbó ni ó kó ìfètòsọ́mọbíbí wọ ilẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí hóró oògùn kan tó dé, kí abẹ́rẹ́ kan tó dé, àwọn baba wa ní ètò tiwọn, ètò náà sì le ju ti òyìnbó lọ. Nígbà tí obìnrin bá bímọ, ó di abiyamọ. Láti ọjọ́ náà lọ, òun àti ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn pọ̀ mọ́ títí a ó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, èyí tí ó lè gba ọdún méjì, tí ó sì máa ń tó ọdún mẹ́ta ní ibi púpọ̀. Nínú agbo ilé, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ tàbí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà obìnrin ni abiyamọ ti máa ń sùn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ojú gbogbo ilé a sì wà lára rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé àtọ̀ ọkùnrin a máa ba ọmú jẹ́, pé ọmọ tí ó bá mu irú ọmú bẹ́ẹ̀ yóò máa rù, ìgbẹ́ gbuuru yóò mú un, yóò sì kú. Àwọn oníṣègùn òde òní ti fi yé wa pé àtọ̀ kò ní ọ̀nà tí yóò gbà dé inú ọmú. Síbẹ̀, àwọn baba wa kò ṣìnà nípa ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́ nítorí pé oyún mìíràn ti dé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa rù, ikú a sì máa tètè mú un. Àrùn náà ni wọ́n rí dájú. Ohun tí ó fà á ni wọ́n ṣì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìtìjú wà nínú ètò yìí. Bí obìnrin bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, a máa di ẹni àfòǹkàwí nínú agbo ilé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ọkọ pẹ̀lú a di ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu, ẹni tí ó fẹ́ fi ìfẹ́ ara rẹ̀ pa ọmọ. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ a pè é sí kọ̀rọ̀, a sì sọ ọ́ fún un. Nítorí náà, ọkọ ní ojúṣe, ojúṣe náà sì hàn sí gbogbo ilé. Mo fẹ́ kí a fi kókó yìí sọ́kàn, nítorí pé òun gan-an ni ó sọnù lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1973, ọ̀mọ̀wé ará Ọsirélíà kan tí ń jẹ́ John Caldwell, òun àti Pat aya rẹ̀, wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1977. I. O. Orubuloye tẹ̀lé wọn. Ó wádìí láàrin àwọn obìnrin oko, ní Èkìtì àti ní Ìbàdàn, ìwé tirẹ̀ sì jáde ní 1981. Ohun tí àwọn méjèèjì rí bá ara mu. Ìtakété abiyamọ ṣì wà láàrin wa ní àkókò náà, ṣùgbọ́n ó ti ń kúrú, pàápàá nígboro àti láàrin àwọn tí wọ́n kàwé.

Kí a má sì ṣe tan ara wa jẹ bí a ti ń yin àwọn baba wa. Nígbà tí abiyamọ ń sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, ọkọ rẹ̀ kò dá sùn. Ìyáálé wà, ìyàwó kékeré wà, bí kò bá sì sí èyíkéyìí nínú wọn, ìta wà. Obìnrin ni ó takété fún ọdún mẹ́ta. Ọkùnrin pààrọ̀ yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú oògùn ìbílẹ̀. Àwọn oníṣègùn wa mọ òrùka, wọ́n mọ ìgbàdí, wọ́n mọ gbẹ́rẹ́, wọ́n mọ àgádágodo tí a ń fi ọfọ̀ tì kí oyún má baà dúró. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ara obìnrin ni a ń so ó mọ́ tàbí ara obìnrin ni a ń sín in sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni ó sábà máa ń ṣe é, tí ọkùnrin sì ń gba owó rẹ̀. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ọkọ fúnra rẹ̀ kò ju kí ó yẹra kí ó tó parí, èyí tí àwọn tí ó ti gbìyànjú rẹ̀ mọ̀ pé kò ṣeé gbára lé.

Ìdí tí ọkùnrin fi ń fẹ́ ọmọ púpọ̀ nígbà náà kò ṣòro láti mọ̀. Oko ni ilẹ̀ wa, oko gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tí yóò ro ó. Ikú ń mú ọmọ lọ. Ẹni tí ó bí mẹ́jọ kò mọ̀ bóyá mẹ́rin ni yóò sin ín. Àwọn orúkọ bí Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ kì í ṣe orúkọ eré. Ẹkún ni ó wà nínú wọn. Síbẹ̀ náà, àwọn baba wa kan náà ni wọ́n sọ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Wọ́n rí ìhà méjèèjì.

Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ dé, ó ní kí ọkọ ní aya kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì ronú lórí ohun tí àṣẹ yìí ṣe sí ètò abiyamọ. Ọkùnrin tí ó ní aya kan, tí aya náà sì ń tọ́mọ lọ́wọ́, kò ní yàrá mìíràn tí ó lè lọ láìdẹ́ṣẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tọkọtaya ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ìyá ọkọ wà lóko, kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ wọn. Báyìí ni ìtakété ọdún mẹ́ta ṣe di ti ọdún kan, tí ti ọdún kan di ti oṣù mélòó kan, tí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ọmọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Odi tí ó dáàbò bo ìyá wó, a kò sì mọ òmíràn dípò rẹ̀.

Ní ti àwa Mùsùlùmí, tí a pọ̀ ní ilẹ̀ Àwórì, àwọn aáfà a máa rán wa létí pé Kùránì dá ọdún méjì gbáko fún ọmú ọmọ, fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e. Ohun tí wọn kì í sábà tẹnu mọ́ ni pé ibì kan náà nínú Kùránì sọ pé bí a bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò, ìyá àti baba gbọ́dọ̀ jọ gbìmọ̀, kí wọ́n sì jọ fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìgbàanì tí wọ́n gbà pé ọkọ lè yẹra kí ó tó parí náà sọ pé kí ó gba ìyọ̀ǹda aya rẹ̀ kí ó tó ṣe é. Ìjọ Páàdì ní tiwọn gba ìwé Póòpù ní 1968, tí ó kọ oògùn àti rọ́bà, tí ó sì fi àyè gba kí a máa ka ọjọ́. A kò sì lè ka ọjọ́ nínú ilé tí ọkọ kò bá fẹ́ gbọ́ ìṣirò.

Ohun tí ó yí ọkàn àwọn baba padà jù lọ kì í ṣe ìwàásù; ilé-ìwé ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa lè ti gbàgbé pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni a wà nígbà náà, nínú Ìkejà Division. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n baba tí ó rán ọmọ mẹ́fà lọ sí ilé-ìwé mọ̀ pé aṣọ ilé-ìwé kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìwé kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọwọ́ mẹ́fà tí ó kúrò lóko láti òwúrọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Caldwell tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbé èrò kan jáde ní 1976 láti inú ohun tí ó rí láàrin àwa Yorùbá. Ó ní láyé àtijọ́, ọrọ̀ ń ṣàn láti ọwọ́ ọmọ lọ sí ọwọ́ òbí. Nígbà tí ilé-ìwé dé, odò náà yí padà, ọrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn láti ọwọ́ òbí lọ sí ọwọ́ ọmọ. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti san owó ìdánwò fún ọmọ mẹ́ta lọ́dún kan mọ ibi tí odò náà ń ṣàn sí.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìyípadà náà tún ní ojú mìíràn. Ilẹ̀ tí baba mi gbin ẹ̀gẹ́ sí ti di ilé. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ ní 1983, tí ọ̀nà tí ó gba Igando kọjá sì ti di ọ̀nà ńlá, àwọn ènìyàn ti ya wọ Egan, Akesan àti Igando bí omi. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí a kà ní Alimosho lé ní 1,200,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ sọ pé a ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Baba tí ó ní ọmọ mẹ́wàá láyé àtijọ́ pín oko fún wọn. Baba tí ó ní ọmọ mẹ́wàá lónìí yóò pín yàrá méjì.

Àwọn ilé ìwòsàn ìfètòsọ́mọbíbí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Èkó ní ìwọ̀n ìgbà tí a ń gba òmìnira. Ní 1964 ni a dá Family Planning Council of Nigeria sílẹ̀, èyí tí ó yí orúkọ padà ní 1979 sí Planned Parenthood Federation of Nigeria, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní PPFN. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, àwọn obìnrin tí kò ì bá ti sí láyé mọ́ ṣì wà láyé nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a máa ń gbé irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ sí: ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń wo àwọn aboyún, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́. Obìnrin ni nọ́ọ̀sì, obìnrin ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwòrán obìnrin ni ó wà lára ògiri. Hóró oògùn, obìnrin ni yóò gbé e mì. Lúùpù, inú obìnrin ni. Abẹ́rẹ́, ara obìnrin ni. Bí ọkùnrin bá ṣèèṣì dé ibẹ̀, wọn yóò bi í léèrè ẹni tí ó ń wá.

Ibi kan ṣoṣo ni a ti ń wá ọkọ: ibi ìbuwọ́lù. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń béèrè pé kí obìnrin mú ìwé bọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ sí kí wọ́n tó fún un ní ohunkóhun. Kò sí òfin Nàìjíríà kankan tí ó sọ bẹ́ẹ̀; àṣà ni, àti ìbẹ̀rù kí ọkọ má baà wá fọ́ ilé ìwòsàn. Báyìí ni ojúṣe tí àwọn baba wa ní ṣe parẹ́, tí àṣẹ wọn sì kù. Láyé àtijọ́, ìtìjú ọkọ wà níbẹ̀ bí oyún bá dé ní àìtọ́jọ́. Láyé tuntun, ìtìjú náà kò sí mọ́, ìjìyà kò sí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò ní fi ìtàn ara mi pamọ́. Ní ọdún 1987, ìyàwó mi ti bí ọmọ mẹ́rin fún mi. Ó mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn kan, ó gbé e síwájú mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó kúnlẹ̀. Mo kà á, mo ká a, mo sì fi í sínú àpótí tí mo ń kó ìwé ilẹ̀ sí. N kò sọ pé rárá. N kò sì buwọ́ lù ú. Mo sọ fún un pé mo ń rò ó. Ohun tí mo ń rò ní tòótọ́ ni pé bí obìnrin bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù oyún, kí ni yóò tún dè é mọ́lé? Ìtìjú ni fún mi láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, mo rí i pé èmi nìkan kọ́. Ìbẹ̀rù yìí kan náà ni àwọn ọkọ ń sọ fún wọn ní Ìbàdàn. Ìwé náà kò tíì pé oṣù mẹ́jọ nínú àpótí tí oyún karùn-ún fi dé. Nígbà ìbí ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ dà lára ìyá rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jókòó tì í láìmọ ibi tí yóò já sí. Ó yè. Ọmọ náà yè, òun ni ó sì ń tọ́jú mi jù nínú gbogbo wọn lónìí, nítorí náà n kò lè sọ pé mo kábàámọ̀ bíbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò bi mí léèrè ìwé náà mọ́ láéláé, ìyẹn sì dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Àwọn obìnrin mìíràn kò dúró de ìwé. Wọ́n ń fi hóró oògùn pamọ́ sínú ọ̀rá ìrẹsì, tàbí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Àwọn kan lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣẹ́ oyún ní kọ̀rọ̀, àwọn kan kò sì padà wálé.

Ọdún tí ó tẹ̀lé ọdún ìwé tèmi, ní oṣù kejì 1988, ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida fi ọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí iye ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta, ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà. Ohun tí gbogbo ènìyàn rántí nínú ìlànà náà ni ọmọ mẹ́rin: wọ́n fẹ́ kí obìnrin kọ̀ọ̀kan má ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ariwo ta. Àwọn kan ní Ọlọ́run ni ó ń fúnni lọ́mọ. Àwọn kan ní ète òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀hónú tí ó ní ìtumọ̀ jù lójú mi ni ti àwọn obìnrin, tí wọ́n béèrè pé èé ṣe tí a fi ka ọmọ náà sí ọrùn obìnrin. Bí ọkùnrin kan bá ní aya mẹ́rin, tí olúkúlùkù sì bí mẹ́rin, gbogbo wọn ti pa òfin mọ́, baba wọn sì ti bí mẹ́rìndínlógún. Ìwé ìlànà náà rọ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n ṣọ́ iye aya àti ọmọ wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin ni ó fún ní iye, ọkùnrin ni ó fún ní ìmọ̀ràn.

Àwọn PPFN mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kù síbì kan. Ní 1989, King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọ orin méjì, ìyẹn Choices àti Wait for Me, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Johns Hopkins ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti PPFN jọ ṣe ètò rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè dé etí ọ̀dọ́kùnrin bí ó ti ń dé etí ọ̀dọ́bìnrin. Mo rántí pé a jó sí orin náà níbi ìkómọjáde.

Àrùn éèdì ni ó mú rọ́bà wọ inú ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ní 1986 ni a kọ́kọ́ kéde àrùn náà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò gbà pé ó wà. Fela Aníkúlápó-Kútì fúnra rẹ̀ ka rọ́bà sí ohun tí kò bá ìwà ọmọ Áfíríkà mu. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye yìí kan náà, jáde sí gbangba, ó sì sọ pé àrùn éèdì ni ó pa á. Ìgboyà ńlá ni. Láti ìgbà náà ni ọmọkùnrin ti lè ra Gold Circle ní ìsọ̀ oníkẹ́míìsì láìyí ojú padà. Ṣùgbọ́n èrè yìí ní àbùkù kan. Nítorí pé ọ̀rọ̀ àrùn ni ó mú rọ́bà wá, rọ́bà di ohun tí a ń lò níta. Ọkùnrin tí ó bá mú un wọlé wá bá aya rẹ̀ dà bí ẹni tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tàbí bí ẹni tí ó fẹ̀sùn kan aya. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láìgba abẹ, ẹnu ọ̀nà ni a dá a dúró sí.

Ó tún yẹ kí n mẹ́nu ba ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa rí. U. C. Isiugo-Abanihe ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde ní 1994, tí ó fi hàn bí ìfẹ́ ọkùnrin sí ọmọ púpọ̀ ti jinlẹ̀ tó àti bí ó ti ń darí ilé. Akinrinola Bankole tẹ tirẹ̀ jáde ní 1995, láàrin àwọn tọkọtaya Yorùbá gan-an, ó sì rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu: nígbà tí ọmọ kò tíì pọ̀, ìfẹ́ ọkọ ni ó máa ń ṣẹ, nígbà tí ọmọ bá ti pọ̀, ìfẹ́ ìyàwó ni. Ẹnikẹ́ni tí ó ti gbéyàwó fún ogún ọdún yóò rẹ́rìn-ín níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kí obìnrin tó dé ibi tí ohùn rẹ̀ yóò ti rinlẹ̀, ó ti bí mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí àwọn ọkùnrin yóò ti fẹ́ ká ìwé yìí. Iṣẹ́ abẹ kan wà fún ọkùnrin, tí òyìnbó ń pè ní vasectomy. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1972 fi àyè gbà á lábẹ́ ètò ìlera ìjọba, ó sì ti wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn ọkọ tí wọ́n ti ṣe é kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fà á: ọ̀dá. Gbogbo wa ti rí òbúkọ tí a tẹ̀ lọ́dàá, bí ó ti ń sanra, tí kò sì bìkítà fún abo mọ́. Òun ni ọkùnrin ń rí ní ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èyí. Ẹni tí ó tẹ ẹran lọ́dàá ba kórópọ̀n rẹ̀ jẹ́. Oníṣègùn kò fọwọ́ kan kórópọ̀n ọkùnrin; àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí irúgbìn ọmọ ń gbà jáde ni ó ń gé tí ó sì ń dí. Agbára ọkùnrin wà bí ó ti wà, omi ara rẹ̀ a ṣì máa jáde, kìkì pé irúgbìn kò sí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í sábà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a kì í sì í kun ènìyàn lóorun nítorí rẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta, kí a sì tún yẹ omi ara wò, kí ènìyàn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bákan náà, kí ẹni tí kò bá dá a lójú pé òun ti bímọ tán má ṣe é, nítorí pé a kò lè fi ọkàn sí i pé yóò ṣeé tú padà. Irú rẹ̀ tí a ń ṣe fún obìnrin, inú ikùn ni a ń wọ̀, ewu rẹ̀ sì ju ti ọkùnrin lọ.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tilẹ̀ ti gbìyànjú láti ṣe abẹ́rẹ́ fún ọkùnrin. Wọ́n dán ọ̀kan wò lára ọkùnrin 320 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ dáradára, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró nítorí pé ìrònú gba ọkàn àwọn kan, èéwo sì sú wọn lójú. Nígbà tí mo ka èyí fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ohun tí hóró oògùn ń ṣe fún àwọn obìnrin láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ta ni ó dá a dúró fún wọn?

Ìyípadà ti dé, n kò sẹ́. Ìwádìí ìjọba ní 1990 sọ pé obìnrin Nàìjíríà kan ń bí ọmọ mẹ́fà ní ìwọ̀n. Ní 2018 ó ti di 5.3, ní Ìpínlẹ̀ Èkó wa sì ni 3.4. Ní ọdún 2018 náà ni wọ́n kà á pé nínú ìbímọ 100,000, ìyá 512 ni ó ń kú nítorí oyún tàbí ìrọbí ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa ní Egan ń bí mẹ́ta, wọ́n ń bí méjì, wọ́n sì ń sọ ọ́ láìtijú. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe kí oyún má baà dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ pé ìyàwó àwọn ti ṣe ètò rẹ̀. Èwo ni ó ń lò? Wọn kò mọ̀. Ǹjẹ́ ó ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ dáradára, ǹjẹ́ orí ń fọ́ ọ? Wọn kò béèrè.

Ọmọ mi ọkùnrin kan béèrè ní tirẹ̀. Òun náà ni ọmọ karùn-ún tí mo sọ ìtàn rẹ̀ lókè yìí. Ó ti bí mẹ́ta, oògùn kò bá ara ìyàwó rẹ̀ mu, wọ́n sì ti pààrọ̀ rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bá mi jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún tí ó kọjá, ó ní òun ń ro iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó bá ṣe é ṣì lè jẹ oyè ìdílé. Mo sọ fún un pé n kò lè dá a lóhùn láìbi àwọn àgbà léèrè. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn tí mo sì ṣàlàyé, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Ẹnì kan ní kí n má tún sọ irú rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn béèrè iye ọmọ tí ó ti bí. Mo ní mẹ́ta. Ó ní ṣé ọ̀nà inú rẹ̀ ni wọn yóò dí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Baba náà mi orí, ó ní, "Ta ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí a ń fi jẹ oyè?"

Mo jíṣẹ́ náà fún un. Ó ti lọ rí oníṣègùn lẹ́ẹ̀kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ.